ÌTÀN IDẸ, ALÙPÙPÙ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́ NÍ ÌLÚ BÌNÍ

 

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo ti mọ̀ pé àwọn tí ó mọ̀wé jù mí lọ ni yóò kọ ìtàn ọba àti ìjòyè. Èmi oníṣòwò ẹ̀yà ara alùpùpù, ohun tí ó wà lórí àtẹ mi ni n ó sọ ìtàn rẹ̀. Idẹ kékeré kan ni, kò tó hóró àgbàdo, inú kabúrétọ̀ ni ó ń gbé, jẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Ìgbà kan wà ní ilẹ̀ yìí tí ènìyàn kò rí i rà, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé àti abẹ́ ìbòòrùn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ìyà ni, pé àìrówó ni ó fà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ gidi ni, ọmọ ìyá kan náà ni ó jẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ so Ifẹ̀ mọ́ Bìní, bí a bá sì jẹ́ kí ó parun mọ́ wa lọ́wọ́, àpò wa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

IDẸ LÁTI IFẸ̀

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun.

Olóyè Jacob Egharevba, ẹni tí ìwé ìtàn Bìní tí ó kọ jáde ní èdè Òyìnbó ní 1934, sọ fún wa pé Ọba Oguola ni ó ránṣẹ́ sí Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀ pé kí ó bá òun wá ẹnì kan tí ó mọ idẹ rọ. Ẹni tí Ọ̀ọ̀ni fi ránṣẹ́ ni Iguegha. Apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ń fi ìgbà náà sí. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn lórí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ Iguegha kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Igun títí di òní. Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ yín nínú: Olóyè Egharevba tí ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún aráyé, Ìdànrè ni wọ́n ti bí i ní 1893. Ẹ rí i pé okùn tí ó so àwa àti àwọn onílé wa pọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Igun Eronmwon ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń rọ idẹ, Igun Ematon sì ni ti àwọn alágbẹ̀dẹ irin. Gbogbo wa ni a ń gba òpópónà Igun kọjá, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti dúró wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Wọn yóò fi amọ̀ mọ inú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọn yóò fi ìda oyin bò ó, wọn yóò fín ojú àti imú sí ara ìda náà, wọn yóò tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sínú iná, ìda yóò yọ́ jáde, yóò fi àyè sílẹ̀, inú àyè yẹn ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn baba wa ń gbà rọ ẹdan Ògbóni.

Nígbà tí àwọn Potogí dé sí Bìní ní nǹkan bí 1485, ẹ̀gbà idẹ wà lára ohun tí wọ́n ń kó wá tà, àwọn ará Igun sì ń yọ́ ọ láti fi ṣe iṣẹ́ Ọba. Ọba nìkan ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ pàtàkì fún. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Òyìnbó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun idẹ àti eyín erin lọ kúrò ní ààfin. Ọba Eweka II gorí oyè ní 1914, iṣẹ́ Igun tún gbérí, wọ́n sì ń ṣe é tà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó rẹ̀.

N kò sọ pé àwọn ará Igun ni ó ń ṣe jẹ́ẹ̀tì o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ní ìlú yìí, láti ayébáyé, agbo ilé ni ilé ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ ń jókòó ti baba, ojú ń kọ́ ìwọ̀n, ọwọ́ ń kọ́ sùúrù. Bákan náà ni ó sì rí ní ilé àgbẹ̀dẹ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọmọdé ti ń fín ẹwìrì fún ọdún púpọ̀ kí a tó gbé ọmọ owú lé e lọ́wọ́.

BÍ ALÙPÙPÙ ṢE DÉ

Ilẹ̀ Jámánì ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti fi ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù sí ara kẹ̀kẹ́ onígi kan ní 1885. Ní 1893, Maybach yìí kan náà ṣe kabúrétọ̀ tí ó ní jẹ́ẹ̀tì tí ń tu pẹtiróòlù àti fílọ́ọ̀tì tí ń léfòó nínú rẹ̀. Irú ìyẹn ni babańlá èyí tí à ń lò.

Ní ìlú Òyìnbó, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta pawọ́ pọ̀ di Amal ní 1927. Kabúrétọ̀ Amal ni ó wà lára ọ̀pọ̀ BSA, Triumph àti Norton, àwọn alùpùpù tí àwọn àgbà wa mọ̀ nígbà ìjọba Òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni ti Japan wọlé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní 1948, wọ́n sì gbé Super Cub jáde ní 1958. Ilé-iṣẹ́ Mikuni ti Japan gba àṣẹ lọ́wọ́ Amal láti máa ṣe kabúrétọ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Keihin náà ń ṣe tirẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá rí àwọn orúkọ méjèèjì yìí lára kabúrétọ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, nígbà tí owó Údójì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ni ó fi ra alùpùpù. Ní 1979 Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà láti máa to alùpùpù pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n títò ni. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ẹlòmíràn ń bá gbé oúnjẹ wá, ọjọ́ tí onítọ̀hún kò bá wá ni yóò mọ̀ pé òun kò ní ààrò.

OHUN TÍ JẸ́Ẹ̀TÌ Ń ṢE

Kí n tó sọ bí ọ̀wọ́n ṣe dé, ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí idẹ kékeré yìí fi ṣe pàtàkì. Kabúrétọ̀ ni ilé ìdáná ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ jó. Bí a bá fi wíwúwo wọ̀n ọ́n, pẹtiróòlù ìwọ̀n 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 15. Jẹ́ẹ̀tì ni ó ń wọn pẹtiróòlù náà, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń wọn iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Nọ́ḿbà wà lára rẹ̀. Lára ti Keihin, nọ́ḿbà náà ni fífẹ̀ ihò inú rẹ̀: 100 túmọ̀ sí mìlímítà 1, 98 túmọ̀ sí pé ó dín díẹ̀. Ti Mikuni yàtọ̀, ìwọ̀n pẹtiróòlù tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ nínú tiwọn, nítorí náà a kì í fi nọ́ḿbà ọ̀kan wá èkejì. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu: bí ihò 100 bá fẹ̀ di 110, ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n àyè tí pẹtiróòlù ń gbà ti fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Èéfín dúdú yóò máa jáde, plọ́ọ̀gì yóò máa dú bí ìdí ìkòkò. Bí ihò bá kéré jù, plọ́ọ̀gì yóò funfun bí eérú, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná, pístìnì lè jó. Ó tilẹ̀ burú jù fún ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, bíi ti Vespa àtijọ́, nítorí bí pẹtiróòlù bá dín, ọ́ìlì tí ń fi ara tu irin náà ti dín nìyẹn.

ÌGBÀ Ọ̀WỌ́N

Láti 1981 ni owó epo rọ̀bì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ní oṣù kẹrin 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣe òfin láti dín ọjà òkè òkun kù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983 ni àwọn sójà gba ìjọba, okùn náà sì túbọ̀ le sí i. Ẹni tí kò bá ní láísẹ́ǹsì kò lè kó ọjà wọlé, láísẹ́ǹsì náà kò sì kárí. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ọjà owó òkèèrè. Náírà tí ó ti wà ní nǹkan bíi dọ́là kan sí ọ̀kan rí, ó di nǹkan bíi náírà mẹ́rin àtààbọ̀ sí dọ́là kan lọ́jọ́ tí ọjà ṣí. Ọjà tí ó ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀ wá di ọjà tí ó wọ́n.

Àsìkò yẹn náà ni alùpùpù di ohun tí à ń fi gbé èrò. Ọ̀pọ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn gbà á ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Orúkọ tí a wá ń pè é káàkiri Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ó ti jáde: ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983 tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ. Ọkọ̀ òfuurufú yẹn kò fò mọ́ láti 1997, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ń sáré lórí ilẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: alùpùpù ń pọ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ń le sí i, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì sí lọ́jà. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti jáde.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Èyí tí ó rọrùn jù ni gáskẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò gbé páálí líle lé ẹnu kabúrétọ̀, wọn yóò fi òòlù kékeré máa kàn án jẹ́jẹ́ yí etí irin náà ká, títí etí irin yóò fi gé e fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn án líle yóò ba ẹnu kabúrétọ̀ jẹ́.

Fílọ́ọ̀tì ayé àtijọ́, idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bí ó bá lu, pẹtiróòlù yóò wọ inú rẹ̀, kò ní léfòó mọ́, kabúrétọ̀ yóò máa dà sílẹ̀. Oníṣẹ́ yóò rì í sínú omi gbígbóná, ibi tí ó bá ti ń hó jáde ni ihò wà. Kì í ṣe inú omi tí ó ṣì wà lórí iná o, nítorí pẹtiróòlù kì í bá iná ṣeré. Lẹ́yìn tí pẹtiróòlù inú rẹ̀ bá ti gbẹ tán pátápátá ni yóò fi òjé dí i. Ọ̀mọ̀ràn kì í lo òjé púpọ̀, nítorí bí fílọ́ọ̀tì bá wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, yóò rì ju bí ó ti yẹ lọ, pẹtiróòlù yóò sì ga jù nínú ilé rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀tì ni ìdánwò. Ẹ sì mọ ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀tì jẹ́: wáyà búréèkì tí mẹkáníìkì fi ń gún un pé òun ń fọ ìdọ̀tí. Irin ni wáyà yẹn, idẹ sì rọ̀ ju irin lọ. Bí a ti ń gún un ni ihò ń fẹ̀. Okùn bàbà tín-ín-rín inú wáyà iná ni ó dára, tàbí kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Fún jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní, kí a fi òjé dí ihò náà, kí a tún un lu sí ìwọ̀n tí ó yẹ. Èkejì, kí a ṣe tuntun láti inú idẹ àlòkù: ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó ti bàjẹ́, àgádágodo, tàbí ẹsẹ̀ plọ́ọ̀gì iná tí ó nípọn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ léètì yóò fi yí i. Ẹni tí kò ní, yóò de idẹ mọ́ ẹnu dírílì, yóò máa yí i, yóò sì fi fáìlì máa jẹ ẹ́ títí yóò fi wọ̀n. Yóò gé tẹ́ẹ̀dì sí i lára, yóò sì la orí rẹ̀ fún súkúrú-dúráífà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá lu ihò àárín, láti tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìwọ̀n, díẹ̀díẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀. Bí ó bá parí, yóò gbé e sínú kabúrétọ̀, yóò gun alùpùpù náà lọ sí ọ̀nà jíjìn, yóò sì tú plọ́ọ̀gì wò. Bí plọ́ọ̀gì bá ní àwọ̀ bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, iṣẹ́ ti jẹ́.

Ẹ kò rí i pé iṣẹ́ Igun àti iṣẹ́ yìí jọra? Idẹ àlòkù ni àwọn méjèèjì ń sọ di tuntun. Àwọn ti Igun ń fi àyè tí ìda fi sílẹ̀ ṣe iṣẹ́, oníjẹ́ẹ̀tì ń fi àyè inú ihò ṣe tirẹ̀. Àyè tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

OJÚLÓWÓ, AYÉDÈRÚ ÀTI TỌWỌ́ ẸNI

Gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nígbà ọ̀wọ́n ni ó dára. Àwọn kan lu ihò láìwọ̀n ọ́n, ẹ́ńjìnnì oníbàárà sì jó. Àwọn kan ṣe tiwọn, wọ́n wá tẹ orúkọ Japan sí i lára. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ayédèrú ni. Tọwọ́ ẹni tí a fi orúkọ ara ẹni tà, tí a sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún oníbàárà, kò ní ìtìjú kankan nínú. Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni tí a fi lé e ni ó sọ ọ́ di olè. Irọ́ yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ojú burúkú wo gbogbo ohun tí a ṣe nílé, tí àwọn tí ó ṣe é dáradára fi bá wọn jẹ nínú ìyà náà.

BÍ NǸKAN ṢE YÍ PADÀ

Nígbà tí ó yá, alùpùpù láti China àti India kún ìlú, Jincheng àti Bajaj, ẹ̀yà ara wọn sì pọ̀ lọ́jà. Ẹni tí ìbá tún jẹ́ẹ̀tì ṣe, odindi kabúrétọ̀ ni ó ń rà. Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó fi òfin de ọ̀kadà akérò nínú ìlú Bìní, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì alùpùpù sì bọ́ sídìí Kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní òkè òkun pàápàá, púpọ̀ nínú alùpùpù tuntun ti fi kabúrétọ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni ó ń wọn pẹtiróòlù fún wọn.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, kí ni a tún fẹ́ fi ọgbọ́n yìí ṣe? Èsì mi nìyí. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń fi tan iná, kabúrétọ̀ ni ó ní. Ayùn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé gẹdú ní oko, kabúrétọ̀ ni. Alùpùpù tí àwọn àgbẹ̀ ń fi kó ọjà wá láti abúlé, kabúrétọ̀ ni. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù, gbogbo wa ni a mọ ohun tí jálá kan di. Jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ń mu owó oúnjẹ ọmọ lálaalẹ́, onílé kò sì mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa bú. Odindi kabúrétọ̀ tuntun náà kò sì rọ́wọ́ mú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náírà tí à ń fi rà á ti fẹ́lẹ́.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dénú ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ọmọ ìwòyí fẹ́ iṣẹ́ tí yóò kọ́ ní oṣù mẹ́ta, ọ̀gá àtijọ́ sì ń fẹ́ ọdún mẹ́ta kí ó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọgbọ́n ti ń já bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀BẸ̀ MI SÍ ẸGBẸ́

Owó tí a ń kó jọ lónìí, mo mọ̀ pé ó ní ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a ra irinṣẹ́ kéékèèké: fáìsì, dírílì àti abẹ rẹ̀ láti ìdajì mìlímítà títí dé mìlímítà kan àtààbọ̀, àti ìwọ̀n tí ó péye, kí a sì yà á sọ́tọ̀ sí gbọ̀ngàn wa. Èkejì, kí a bẹ àwọn ọ̀gá tí ó wà láàárín wa, Yorùbá àti Ẹ̀dó, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa, ọkùnrin àti obìnrin, ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ tí ó mọ̀wé máa jókòó tì wọ́n, kí ó máa kọ ìwọ̀n gbogbo sílẹ̀ ní èdè wa. Orí àwọn baba wa ni ìwé wọn wà. Nígbà tí wọ́n bá lọ, ìwé náà ń bá wọn lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí Ọba Oguola kò bá béèrè, Iguegha kì bá ti wá. Bí Iguegha bá sì wá tí kò kọ́ ẹnì kankan, a kò ní gbọ́ orúkọ Igun lónìí. Àlejò tí ó mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, tí ó sì fi kọ́ ọmọ onílé àti ọmọ ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í parẹ́ ní ìlú.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣe àpéjọ yìí ní àṣeyọrí, kí ó dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó sì jẹ́ kí àárín àwa àti àwọn onílé wa máa tòrò. Kí olúkúlùkù dé ilé rẹ̀ láyọ̀. Àmín.